Igi Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbìn

Ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Orí fóònù ni àbúrò mi, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń mójú tó ilẹ̀ wa nílé, ti bi mí. Àwọn tó ń sun èédú ti wá bá a. Wọ́n ti rìn yí oko wa tó wà lápá Ìsánlú ká, wọ́n ti fojú díwọ̀n àwọn igi irú tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ti dárúkọ owó tó lè gbé ọmọ kan la ọdún ilé-ìwé já. Mo ní ká má tà. Ó ní kí ló dé. Mo ní ṣebí igi irú ni, a kì í gé e. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ta ló gbìn ín?"

Kì í ṣe àfojúdi. Ọmọ náà fẹ́ mọ̀ ni. Gbogbo igi yòókù tó ń mówó wá lórí ilẹ̀ yẹn ló ní ẹni tó gbìn ín. Kòkó díẹ̀ tó wà létí odò, bàbá wa àgbà ló gbìn ín. Ọsàn, ìyá rẹ̀ ni. Kajú tó wá gba bí ìdajì ilẹ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbìn ín, ó sì rántí iye tó ra hóró rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n gé kajú lónìí, gbogbo wa la mọ ẹni tí yóò gbé àdá jáde. Igi irú ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé Ọlọ́run ló gbìn ín, àmọ́ Ọlọ́run yẹn náà ló gbin gbogbo igi tí àwọn baba wa gé dànù kí ilẹ̀ náà tó di oko. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ṣẹ́ èyí kù?

Nígbà tí ohun gbogbo bá gbẹ

Mi ò ní kọ́ ọmọ Yorùbá ní ohun tí irú ń ṣe nínú ọbẹ̀ ilá. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò ni àsìkò tí igi rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo oṣù Kìíní lọ́dọ̀ wa, láti Kàbà dé Ìsánlú. Ọyẹ́ ti fa ètè gbogbo ènìyàn ya, iná ìgbẹ́ ti jó koríko tán, àpáta dúdú dúró gbagidi nínú eruku. Àsìkò yẹn gan-an ni igi irú ń yọ òdòdó. Pupa ni òdòdó náà, ó rí roboto, ó sì ń rọ̀ dòò lábẹ́ ẹ̀ka lórí ọ̀pá gígùn. Òru ni oyin inú rẹ̀ ń sun, nítorí àdán ló ń dúró dè. Àdán á wá lá oyin, ìyẹ̀fun òdòdó á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á sì gbé e lọ sí igi mìíràn. Àdán tí à ń sọ pé ó dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ, òun ló ń bá wa ṣe iṣẹ́ tí ẹyẹ ọ̀sán ò lè ṣe.

Tó bá fi máa di oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, èso ti gùn ṣọọrọ, ó ti ń gbẹ lórí igi. Ẹ tún wo àkókò: iṣu àná ti ń tán, iṣu tuntun ò tíì ta, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ilẹ̀. Igi yìí wá so nígbà tí oko ò ní nǹkan kan láti fún ẹnikẹ́ni. Inú èso náà ni ìyẹ̀fun tó pọ́n rúsúrúsú wà, ó dùn, àwa ọmọdé a máa lá a títí ojú àti imú wa fi ń pọ́n. Àwọn ìyá á pò ó mọ́ omi fún ẹni tí ebi ń pa. Hóró tó wà nínú ìyẹ̀fun yẹn ni irú. Èèpo èso náà, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á fi omi rẹ̀ pa ilẹ̀ ilé àti ara ògiri kó lè le. Sìmẹ́ńtì ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì ní sunkún lórí ìyẹn. Èèpo ara igi, wọ́n ń sè é fún ẹni tí eyín ń dùn, kó fi yọ ẹnu.

Igi náà lè ga tó mítà 20. Gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ síbi tí ọ̀rinrin ò ti í tètè tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèpo rẹ̀ sì nípọn débi pé iná ìgbẹ́ á kàn jó o lára kọjá ni. Ìbátan lòun àti àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún òkè Ọya, àwọn akásíà tí wọ́n ń ṣá lára ní Bọ́nò, Yóbè àti Jígáwá kí oje wọn lè sun, oje tí à ń kó lọ sókè òkun, tó ń padà wá bá wa nínú mínírà àti nínú oògùn oníhóró. Ewé wẹ́wẹ́ kan náà, hóró inú èèpo kan náà, ìfaradà ọ̀dá kan náà. Irú ò ní ẹ̀gún ní tirẹ̀ ṣá, bóyá ìyẹn ló fi ń rí ìyà.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Parkia biglobosa. Lára orúkọ Mungo Park ni wọ́n ti yọ ọ́, òyìnbó ará Scotland tó wá wá odò Ọya kiri, tó sì kú sínú odò náà ní Bussa lọ́dún 1806. Robert Brown, onímọ̀ nípa ewéko, ló fi orúkọ Parkia sọ ìran igi náà ní 1826. Ó yẹ kí n bínú sí i, àmọ́ ẹ̀rín ló ń pa mí. Igi tí àìrí omi ò lè pa, ọkùnrin tí omi pa ni wọ́n fi sọrí.

"Ọmọ rẹ̀ dà?"

Nígbà tí mo délé, ìyá wa àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ni mo lọ bá. Irú ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Ìdí ìkòkò ni mo bá wọn. Hóró irú ti wà lórí iná láti alẹ́ àná, ilé sì ti kún fún òórùn rẹ̀. Wọ́n fi ìgbákọ bu díẹ̀, wọ́n dà á sínú omi tútù, wọ́n mú hóró kan sáàrin ìka méjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Èèpo dúdú rẹ̀ ò yọ̀. Wọ́n ní kò tíì jinná, wọ́n ti igi mìíràn wọ inú ààrò.

Ìgbà tí èèpo bá ń yọ̀ lábẹ́ ìka ni wọ́n máa tó sọ̀ ọ́. Wọ́n á da eérú díẹ̀ sí i, wọ́n á gún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú odó kí èèpo lè ṣí láìfọ́ hóró, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá fi ewé àti àpò bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ 2 sí 3. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis ló ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ooru yẹn, òun ló ń mú kó rọ̀, kó máa yọ̀, kó sì ta sánsán. Ìyá ò mọ Bacillus rí, àmọ́ bí ọyẹ́ bá mú jù, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ náà sún mọ́ ààrò, wọn ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí i wò kí ọjọ́ tó pé.

Mo bi wọ́n ní ìbéèrè tí àbúrò mi bi mí. "Ìyá, ta ló gbin àwọn igi irú oko wa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ní í gbin irú? Àwọn tó dá oko náà ló fi í sílẹ̀."

Wọ́n wá ní kí n gbé àwọn lọ sí oko náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè rìn ín mọ́. Ọ̀kadà ló gbé wa dé etí ọ̀nà, a sì rọra rìn wọlé. Àbúrò mi ti ń dúró dè wá. Ó ń ka igi fún wọn bí àwọn elédùú ṣe kà á fún un, èyí tó nípọn, èyí tó ṣe bọ̀rọ̀kìnní, èyí tó ti ń gbẹ lórí. Ìyá ò wòkè rárá. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń fi ọ̀pá wọn ya koríko sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ igi, wọ́n gba àárín ẹ̀gẹ́ kọjá, wọ́n dé etí àpáta, wọ́n yí padà. Àbúrò mi ṣì ń sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n dá a dúró.

"Ọmọ rẹ̀ dà?"

Ó ní, "Ó wà nílé-ìwé, mà."

"Ọmọ igi yìí ni mò ń bi ọ́."

Àwa méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ọmọ kajú wà lábẹ́ kajú. Dóńgóyárò tí ẹyẹ gbé wá ti ga dé orúnkún. Mo rí ọmọ màǹgòrò kan tí ó ṣeé ṣe kí alágbàṣe ló ju kóró rẹ̀ síbẹ̀. Igi irú kan ṣoṣo tí kò ju ènìyàn lọ, a ò rí i. Láti ojú ọ̀nà títí dé odò, ilẹ̀ mọ́ tónítóní láàárín ẹ̀gẹ́, koríko tí oògùn pa ti pọ́n bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná sí i. Gbogbo igi irú ibẹ̀ ló ti gbó.

Ìyá fi ọ̀pá na èyí tó wà nídìí àpáta. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń tẹ̀lé bàbá wọn wá oko, igi yẹn ò ju àwọn lọ, àwọn máa ń dúró tì í láti fi mọ̀ ẹni tó ga jù. "Èmi àtòun la jọ dàgbà," ni wọ́n wí. "Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àbúrò." Wọ́n yíjú sí àbúrò mi. "Bó o tà wọ́n, bó ò tà wọ́n, wọ́n ti tán. Kò sí ẹni tó máa jogún wọn."

Bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, wọ́n ní àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi àáké kan igi kan lọ́jọ́ yẹn, Ìyá sì ti rí ibi tó ń wó sí.

Ohun tí ọkọ́ ń rí

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú ìbéèrè àbúrò mi fún mi. Àwọn tó gbin igi irú ni gbogbo ẹni tó bá a ní kékeré, tí ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì yà fún un. Wọn ò gbẹ́ ihò, wọn ò bomi rin ín. Wọ́n kàn kọ ebè yí i ká. Èyí ò parí ní ọjọ́ kan: igi irú tó bá hù lóko lónìí yóò tó nǹkan bí ọdún 5 sí 10 kó tó so, lọ́dọọdún sì ni ẹni tó ń roko gbọ́dọ̀ tún rí i, kó tún dá a sí. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ ọdún kan péré nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan gbójú fò ó, ó parí. Nítorí náà igi irú ńlá kan tí ẹ bá rí láàárín oko ní Yàgbà, ní Ìjùmú tàbí ní Bùnú, ìpinnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà nídùúró níbẹ̀, àwọn tí kò bá ara wọn ṣèpàdé rí.

Ọkọ́ ń lọ́ra, ó sì ń jẹ́ kí ojú ẹni sún mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń kọ ebè iṣu, kò sí ohun tó hù tí kò ní rí. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìfọ́n-oògùn kọ́ ẹ̀yìn kò ráyè ìyẹn. Ó ń rìn, ó ń fọ́n, ojú rẹ̀ wà níwájú, ó sì fẹ́ parí éékà náà kí oòrùn tó mú. Ọmọ irú tó ní ewé mẹ́rin lábẹ́ koríko, koríko ni lójú oògùn. Tírákítọ̀ kì í tilẹ̀ bèèrè. Tí ìwọ̀nba tó bá yè bá wá bọ́ sọ́wọ́ iná ìgbẹ́, èèpo rẹ̀ ò tíì nípọn tó láti gbà á.

Ibòmíràn náà tún wà tí okùn ti já. Èèpo hóró irú le koko, omi ò tètè wọ̀ ọ́. Láyé àtijọ́, ọ̀bọ àti ẹyẹ á jẹ ìyẹ̀fun, wọ́n á gbé hóró mì, wọ́n á yà á sí ọ̀nà jíjìn. Ọdẹ ti jẹ ọ̀bọ tán. Àwa náà ń ká gbogbo èso kúrò lórí igi, torí owó ni. Hóró tí ì bá bọ́ sílẹ̀ kó hù wà nínú ìkòkò Ìyá.

Mi ò bá oògùn koríko ṣọ̀tá. Àwọn ọ̀dọ́ wà ní Lọ́kọ́jà àti Àbújá, owó alágbàṣe ti fò sókè, ẹni tí kò bá sì tíì kọ ebè éékà kan rí lábẹ́ oòrùn, kó má wá fi ọkọ́ ṣe ewì fún wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọkọ́ ń ṣe iṣẹ́ kan tí a ò sanwó rẹ̀ fún un, a ò sì mọ̀ pé ó ń ṣe é. Nígbà tí a gbé ọkọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ náà dúró, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ìró ẹ̀rọ ìgégi là ń gbọ́, òun la fi ń jà.

Àwọn ará Màrádì

Ibì kan wà tí wọ́n ti mú iṣẹ́ yìí padà láì padà sí ọkọ́ àtijọ́. Ní àgbègbè Màrádì ní orílẹ̀-èdè Niger, lókè Kàtsínà níbẹ̀, ọ̀dá léraléra ti sọ ilẹ̀ di aṣálẹ̀. Wọ́n ń gbin igi, igi ń kú. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni Tony Rinaudo, ará Australia kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣàkíyèsí pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní igbó wẹ́wẹ́ lóko kì í ṣe igbó. Kùkùté igi tí wọ́n ti gé tipẹ́ ló ń rúwé láti ìsàlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹ̀ka tó dára lára rẹ̀, wọ́n ń gé ìyókù, wọ́n ń dá èyí tí wọ́n yàn sí. Kò sí jùmọ̀-gbìn, kò sí ọkọ̀ tó ń kó ọmọ igi wá. Lónìí, ilẹ̀ tó ti fi ọ̀nà yìí tún ní igi lórí ní Niger tó mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà, wọ́n sì fún Rinaudo ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018. Gawo wà lára igi tí wọ́n dá sí, ìbátan akásíà tó máa ń wọ́ ewé nígbà òjò, tí ìmọ́lẹ̀ á fi lè kan ọkà, tó sì máa ń rúwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹran ń wá ibòòji.

Igi irú ò níwà tó bẹ́ẹ̀. Kì í wọ́ ewé nígbà òjò, àgbàdo tó bá sì wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an kì í ṣe dáadáa tó ti ojú oòrùn. Ẹni tó bá ní kò sí ìnáwó kankan nínú dídá igi sí ń tan àgbẹ̀ jẹ. Àmọ́ ewé rẹ̀ tó ń rà ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun, ìdí rẹ̀ sì ni gbogbo wa ti ń jẹun ọ̀sán.

Apá tó mú mi lára nínú ọ̀rọ̀ Màrádì ni ti òfin. Láti ayé Faransé, ìjọba ló ni gbogbo igi, kódà èyí tó hù láàárín oko ẹni. Àgbẹ̀ tó bá dá igi sí, tó bá wá gé ẹ̀ka rẹ̀, ó lè jẹ owó ìtanràn. Ta ni yóò wá dá a sí? Ìgbà tí wọ́n dẹ okùn òfin yẹn, tí àgbẹ̀ rí i pé òun ni yóò jẹ èrè rẹ̀, ni igi tó pọ̀ sí i.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ìpínlẹ̀ 11 lókè Ọya ló wà nínú ètò Great Green Wall tí ìjọba fi ń dènà aṣálẹ̀. Kogí, ìpínlẹ̀ tiwa, ò sí lára wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń gùn sí i ò bèèrè orúkọ wa lọ́wọ́ ìjọba kó tó wọlé. Ní ti ètò gbígbin igi tí àwọn òṣèlú máa ń ṣe, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí: ọ̀gá á gbá ṣọ́bìrì mú, fọ́tò á ṣẹ́, ewúrẹ́ á sì jẹ ìyókù.

Àdán àti òòbẹ̀

Nínú ọjà Kàbà, ẹ lè ra irú lónìí tí kò mọ igi irú rí. Sóyà ni. Ó ń tètè jinná, kò wọ́n tó irúgbá, ó sì ń rùn díẹ̀ bí irú. Bí a ò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Mi ò ní ká má fi òòbẹ̀ ṣẹbọ o. Sóyà náà ní àǹfààní lára, ẹni tí owó rẹ̀ ò tó á sì sebẹ̀. Èyí tó ń bí Ìyá nínú ni èyí tí wọ́n fi lu ojúlówó, tí wọ́n sì tà á ní owó ojúlówó. Wọ́n ní kí n mú un sí imú, kí n tún tẹ̀ ẹ́, ti sóyà á fọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ tó rọ̀, ti irúgbá á lẹ̀. Èmi ò mọ ìyàtọ̀ náà dé bẹ́ẹ̀. Wọ́n káàánú mi.

Hóró tí Ìyá ń sè gan-an, apá kan rẹ̀ ti wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò tó ń gbé e láti Kwara àti ilẹ̀ Nupe, torí pé èyí tó ń bọ́ lára igi wa ò tó mọ́. Owó tó yẹ kó kù sí ọwọ́ Ìyá ń lọ sínú ọkọ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé owó kajú, owó ọkùnrin ni nínú ilé wa. Owó èédú, owó ọkùnrin ni, ẹ̀ẹ̀kan sì ni. Owó irú ni obìnrin ń rí lọ́dọọdún láì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àbúrò mi ń díwọ̀n owó tí àwọn elédùú fẹ́ san, kò sí ibì kankan tó ti yọ owó yẹn kúrò nínú ìṣirò. Mo yọ ọ́ fún un lórí ìwé. Ó wò ó títí. Ó pe àwọn elédùú, ó ní kí wọ́n wá gé kajú tó ti gbó tí kò so mọ́.

Ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ìyá ti da omi gbígbóná sórí hóró díẹ̀, wọ́n jẹ́ kó sùn nínú rẹ̀, wọ́n sì gbìn ín sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ti hù. Èyí rọrùn. Oko ni iṣẹ́ wà. A ní a máa ri igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká so ọ̀rá pupa mọ́ ọn kí ẹni tó ń fọ́n oògùn lè rí i láti òkèèrè kó sì yà fún un. Ọmọ tó ń bá wa fọ́n oògùn ní òun máa fi owó lé iye tí òun ń gbà, nítorí yíyà ń dá òun dúró. Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa gba owó fún iṣẹ́ tí ọkọ́ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tó le ni ti ọkùnrin tó ń dá ẹ̀gẹ́ lórí apá kejì ilẹ̀ náà. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, kò sì bá wa jà rí. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá gba ilẹ̀ dáko kò gbọdọ̀ gbin igi tí ń pẹ́ lórí ilẹ̀, torí pé igi ń di ẹ̀rí tó bá dọjọ́ iwájú. Ó yé mi. Àmọ́ ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Ó bá ọmọ irú láàárín ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Tó bá dá a sí, yóò ṣíji bo ẹ̀gẹ́, èso rẹ̀ ò ní jẹ́ tirẹ̀, ẹni kan sì lè dìde lọ́la pé kí ló dé tó ń tọ́jú igi lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Èmi ni, màá fọ́n oògùn sí i láàárọ̀ kùtùkùtù. Ohun tí òfin Faransé ṣe ní Màrádì, àṣà wa ń ṣe é níbí, a kàn ń pe tiwa ní ọgbọ́n àgbà ni.

Mo dá a lábàá pé kí ìdajì èso igi irú yòówù tó bá dá sí jẹ́ tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń dáko níbẹ̀. Àbúrò mi gbà. Ìyá gbà, wọ́n ní ìyàwó ọkùnrin náà lè wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọkùnrin náà gbà, àmọ́ ó ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i, ó ní òun ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ rí níbòmíràn. Bàbá wa kékeré tó wà ní Àbújá ló kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá bá àlejò pín èso lónìí, yóò bá a pín ilẹ̀ lọ́la, àti pé àwọn ò ní fọwọ́ sí ohunkóhun lórí fóònù, kí a dúró di ọdún Kérésì tí gbogbo ẹbí bá délé. Ọkùnrin náà ní kò burú, òun á dúró. Ó kàn bi àbúrò mi pé tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí koríko sì ti bo ẹ̀gẹ́ òun mọ́lẹ̀, ṣé kí òun fọ́n oògùn àbí kí òun má fọ́n ọn, torí koríko ò mọ Kérésì. Àbúrò mi tún ti fi ìyẹn pè mí.